Ibà Etí Ọ̀sà Láyé Kọ́ńsù àti Gómìnà

Ọ̀rọ̀ ibà ni mo gbé wá lónìí.

Kò sí agbo ilé tí ibà kò wọ̀ rí lágbègbè wa, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ìyá rẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó fi aṣọ tútù nù ún lára. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì á gún un níka, á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi sọ bóyá ibà ẹ̀fọn ni tàbí nǹkan mìíràn. Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, kò sí dókítà kan láyé tó mọ̀ pé ó wà kó tó di ọdún 1880. Nígbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó tó wá tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti Ìkòròdú, ibà ń pa èèyàn nílé, ó ń pa wọ́n lójú omi, gbogbo ọ̀mọ̀wé ìṣègùn ní London, Paris àti Edinburgh ló sì ní àlàyé lórí rẹ̀. Àlàyé wọn náà ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò: bí ó ṣe mọ́gbọ́n dání tó, ibi tó ti ràn wọ́n lọ́wọ́, àti àwọn tí wọ́n gbójú fò nígbà tí wọ́n ń ka òkú.

Lójú àwọn oníṣègùn òyìnbó nígbà náà, ara gbígbóná kì í ṣe àmì pé nǹkan mìíràn ń ṣe èèyàn. Ibà fúnra rẹ̀ ni àìsàn. Bí ó ṣe ń wá àti bí ó ṣe ń lọ ni wọ́n sì fi ń pín in. Ọ̀kan wà tó ń mú èèyàn, tó ń fi í sílẹ̀ pátápátá, tó tún ń padà wá. Òmíràn ń rọlẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kì í lọ tán. Òmíràn ń jó lọ láìdáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Nínú èyí tó ń lọ tó ń bọ̀, wọ́n tún ń ka ọjọ́. Èyí tó bá ń dá ọjọ́ kan kọjá, ibà ọlọ́jọ́ mẹ́ta ni wọ́n kà á sí, nítorí pé wọ́n ka ọjọ́ tó dé mọ́ ọjọ́ tó padà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ka ọjà ọrún. Ibà etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìpín kejì ni wọ́n sábà máa ń fi sí: ibà tí kì í dẹ̀yìn lẹ́yìn ẹni, tí aláìsàn á rò pé ó ti lọ, tí yóò sì padà ní alẹ́ pẹ̀lú agbára.

Nínú ìpín wọ̀nyí, oríṣiríṣi àìsàn ló wà tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ra. Ní London, nǹkan bí ọdún 1850 ni Dókítà William Jenner tó fi hàn gbangba pé àìsàn méjì ni táífọ́ọ̀dù àti táífọ́ọ̀sì, pé ìfun ni táífọ́ọ̀dù ń bà jẹ́, tí èkejì kò sì ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ara gbígbóná ni ìgbóná Ṣànpọ̀nná fi ń bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ kí eéwo tó yọ síta. Ẹni tó bá rí aláìsàn ní ọjọ́ kìíní, kò lè mọ èyí tó ń bọ̀. Dókítà Oguntola Sapara, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí ní Freetown, tó wọ iṣẹ́ ìjọba Èkó ní 1896, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lórí ọ̀ràn yìí: ó wọ ẹgbẹ́ àwọn àwòrò Ṣànpọ̀nná láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó ń wá, kó lè mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn ká. Iṣẹ́ náà gbé e dé Ẹ̀pẹ́. Ó wù mí kí àwọn ọmọ ilé ìwé Ẹ̀pẹ́ mọ orúkọ ọkùnrin yìí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Kí ni àwọn oníṣègùn òyìnbó wá ní ó ń fa ibà? Afẹ́fẹ́ ni. Wọ́n ní bí ewé, igi àti ẹran bá jẹrà nínú irà, tí oòrùn sì pa ẹrẹ̀ náà, oró kan á gòkè láti inú rẹ̀. Atẹ́gùn á gbé e, èèyàn á mí in sínú, oró náà á sì ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Alẹ́ àti òwúrọ̀ kùtù ló burú jù, nígbà tí ìkùukùu bá bo ilẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ ká dúró sí etí ọ̀sà wa ká wò ó bí wọ́n ṣe wò ó. Ní àkókò òjò, omi á kún, irà tó wà láàrin igi ògùrọ̀ á gbòòrò sí i, òórùn ẹrẹ̀ á máa dé inú ilé. Àkókò náà gan-an ni ara àwọn ọmọ ń gbóná. Ìdílé tó sún mọ́ irà ń ṣàìsàn ju ìdílé tó wà lórí òkè lọ. Àwọn ọmọ ogun ojú omi òyìnbó tí wọ́n ń ṣọ́ àwọn tó ń kó ẹrú náà kíyè sí nǹkan kan: ọkọ̀ tó bá so mọ́lẹ̀ sí ọ̀ọ́kán lójú òkun, ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ le, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bá fi ọkọ̀ kékeré wọ inú odò, tí wọ́n sì sùn síbẹ̀ ní òru kan tàbí méjì, ibà á mú wọn lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n wá ṣòfin pé kí atukọ̀ má sùn sórí ilẹ̀. Òfin yẹn dára. Ó gba ẹ̀mí là. Gbogbo ohun tí wọ́n fojú rí, òótọ́ ni: irà, òjò, alẹ́, ilẹ̀ tó rẹlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọn kò bi ara wọn ni pé kí ni ń fò nínú afẹ́fẹ́ alẹ́ yẹn. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé aṣọ àwọ̀n dára láti ta bo orí, nítorí pé ó lè sẹ́ oró inú afẹ́fẹ́ kó tó dé imú. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe sún mọ́ ọn tó! Àwọ̀n wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀fọn wà lára àwọ̀n, afẹ́fẹ́ ni ọkàn wọn wà.

Ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe ló ń bà mí nínú jẹ́ bí mo bá ń kà á. Nítorí pé wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí pé ó ti pọ̀ jù nínú ara, wọ́n á fi abẹ la iṣan apá, wọ́n á dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí wọ́n fi eṣúṣú sára aláìsàn kó máa fà á mu. Lẹ́yìn náà wọ́n á fún un ní kálómẹ̀lì, oògùn tí wọ́n fi mẹ́kúrì ṣe, títí itọ́ á fi máa dà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á sì ní àmì pé oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àwa mọ̀ lónìí pé ibà yìí fúnra rẹ̀ ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ara. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gbẹ ni wọ́n tún ń gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Mélòó ni yóò ti yè bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú omi mímu àti ìsinmi?

Ọdún 1841 ni ìgbàgbọ́ yìí já wọn kulẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, sí Odò Ọya. Ètò Thomas Fowell Buxton ni: kí wọ́n fi òwò àti àgbẹ̀ rọ́pò òwò ẹrú. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n ti kó lẹ́rú rí, wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ti gbọ́ nípa ibà odò náà, wọ́n sì ti múra sílẹ̀ dè é. Dókítà David Boswell Reid ṣe ẹ̀rọ kan fún wọn tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ òde gba inú àpótí irin tí wọ́n kó kẹ́míkà sí, kó tó darí rẹ̀ sí iyàrá àwọn atukọ̀ nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ni wọn yóò máa mí. Owó tí wọ́n ná lé e kò kéré.

Oṣù Kẹjọ ni wọ́n wọ odò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ibà bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ méjì fi di ilé aláìsàn, tí wọ́n yí padà sí òkun. Albert nìkan ló tẹ̀síwájú dé ìlú Ẹ̀gà lókè odò, nígbà tí yóò sì padà, ọ̀gá ọkọ̀ ti dùbúlẹ̀, àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ ti dùbúlẹ̀. Dókítà M'William, oníṣègùn ọkọ̀, ló wá ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà láàrin ìgbà tó ń tọ́jú aláìsàn. Dókítà Stanger, tí ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, ló ṣí ìwé, ó ń kà á, ó ń fi í kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹ̀rọ ọkọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń rọra bọ̀ títí John Beecroft, oníṣòwò tó fi erékùṣù Fernando Po ṣe ibùgbé, fi fi ọkọ̀ Ethiope pàdé wọn tó sì mú wọn jáde sí òkun. Nínú òyìnbó 145 tó wọ odò, ibà mú 130, àwọn tó kú sì tó 40. Àwọn èèyàn dúdú tó wà nínú ọkọ̀ jẹ́ 158. Díẹ̀ ni ibà mú nínú wọn, kò sì pa ẹyọ kan.

Ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ló da orí àwọn dókítà rú fún ọgọ́ta ọdún.

Beecroft yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe Kọ́ńsù lẹ́yìn náà, òun ló sì wà nídìí ogun oṣù Kejìlá 1851 tí àwọn ọkọ̀ ogun òyìnbó fi fi àgbá lu Èkó, tí Kòsọ́kọ́ fi kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ẹ̀yin tí ìdílé yín jẹ́ Èkó-Ẹ̀pẹ́ mọ ìtàn yìí ju mi lọ. Ní 1854, wọ́n tún fẹ́ rán Beecroft lọ sí Odò Ọya, ṣùgbọ́n ó kú ní oṣù Kẹfà, wọ́n sì fi Dókítà William Balfour Baikie rọ́pò rẹ̀. Baikie ló wá ṣe ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà. Ó kó òyìnbó 12 sínú ọkọ̀ Pleiad, ó lo ọjọ́ 118 nínú odò, gbogbo wọn sì padà láàyè. Crowther náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú wọn, ẹni tó ti rí ti 1841.

Kuníìnì ni. Igi kan wà ní àwọn òkè Peru ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí èèpo rẹ̀ korò, tí wọ́n ti ń lò fún ibà láti ayé pípẹ́. Ní 1820, Pelletier àti Caventou ní Paris fa ojúlówó agbára inú èèpo náà jáde. Oògùn náà kò ṣàjèjì sí àwọn dókítà 1841, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ibà bá ti mú èèyàn ni púpọ̀ nínú wọn ń fún un, kò sì pọ̀ tó. Dókítà T. R. H. Thomson, tó wà nínú ìrìn àjò 1841, kọ̀wé ní 1846 pé ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ kí ibà tó dé ló ń jàǹfààní. Alexander Bryson, dókítà ọmọ ogun ojú omi, sọ bẹ́ẹ̀ náà ní 1847. Baikie fi í sínú ọtí wáìnì, ó sì ń fún gbogbo òyìnbó inú ọkọ̀ lójoojúmọ́.

Síbẹ̀, ìgbàgbọ́ afẹ́fẹ́ kò yẹ̀. Baikie fúnra rẹ̀ gbà pé ara ni kuníìnì ń fún lágbára láti fara da oró irà. Oògùn ṣiṣẹ́, àlàyé kò bá a mu, wọ́n sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀. Àwọn baba wa náà ń bọ èèpo igi, awọ́pa, ahùn àti orúwo, wọ́n ń mu àgbo rẹ̀ kíkorò, wọ́n ń fi omi rẹ̀ wẹ̀, bí wọ́n bá sì bi wọ́n léèrè ohun tó fa ibà, wọ́n á ní oòrùn oko ni, tàbí àṣejù iṣẹ́, tàbí epo tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ. Dókítà Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, ka irú oògùn báyìí sí ohun tó yẹ fún ẹ̀kọ́ gíga: oògùn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló fi kọ ìwé tó fi gboyè dókítà ní Edinburgh ní 1889.

Nínú ọdún tí Baikie ń mu kuníìnì lórí omi, oṣù Kẹsàn-án 1854, Kọ́ńsù Benjamin Campbell wá bá Kòsọ́kọ́ ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́. Campbell kú ní Èkó ní 1859. Brand rọ́pò rẹ̀, ó kú ní 1860. Foote rọ́pò Brand, ó kú ní 1861. Kò sí èyí tó lo ọdún kan nínú àwọn méjì ìkẹyìn yìí. Irú ikú báyìí ló mú kí wọ́n máa pe etí òkun wa ní ibojì òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ ikú yìí sì hàn nínú irú àwọn tí wọ́n rán wá jagun. Nígbà tí Glover, aláṣẹ òyìnbó ní Èkó, lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò lẹ́yìn odi Ìkòròdú ní oṣù Kẹta 1865, àwọn ọmọ ogun dúdú láti West Indies àti àwọn Haúsá ló kó wá. Àkọsílẹ̀ ìjọba ti fi hàn ṣáájú pé láàrin 1817 sí 1836, nínú 1,000 ọmọ ogun òyìnbó ní Sierra Leone, 483 ló ń kú lọ́dọọdún. Iye àwọn dúdú tó ń kú kò súnmọ́ ìyẹn rárá.

Àwọn dókítà wo iye yìí, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ dúdú yàtọ̀, pé ẹ̀dá wa ló ti bá irà mu. Dókítà Africanus Horton, ọmọ Sierra Leone tí òbí rẹ̀ jẹ́ Igbo, tó jẹ́ oníṣègùn nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òyìnbó, kọ̀wé ńlá lórí ojú ọjọ́ àti àìsàn etí òkun yìí ní 1867. Òun náà gba afẹ́fẹ́ irà gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó bèèrè fún àwọn ìlú wa ni pé kí wọ́n gbẹ́ omi irà, kí wọ́n tún àyíká ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn: ó kọ̀wé bí ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń gbé ibẹ̀.

Ohun tí iye wọn kò sọ ni ti àwọn ọmọdé. Àgbàlagbà Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tí ibà kò pa, ọmọ tí ibà ti mú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, lógún ìgbà, tí kò kú ni. Ara rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń bá a jà. Àwọn tí kò rí i kọ́, inú ilẹ̀ ni wọ́n wà kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, kò sì sí dókítà ọkọ̀ kankan tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìyá wọn ní àbíkú ni, ó fi ilà sí wọn lára. Òyìnbó ní ara dúdú le.

Nílẹ̀ Yúróòpù, ìgbàgbọ́ àtijọ́ ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 1868, Carl Wunderlich ní Leipzig tẹ ìwé jáde lórí ooru ara, lẹ́yìn tó ti wọn ti nǹkan bí 25,000 aláìsàn. Ó fi 37 ṣe òdiwọ̀n ara tó yá, ó sì gbà pé ibà jẹ́ àmì, kì í ṣe àìsàn. Tẹmọ́mítà wọn gùn tó ẹsẹ̀ kan tẹ́lẹ̀, ó sì ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Clifford Allbutt ṣe èyí tí kò ju ínṣì mẹ́fà lọ, tó ń gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ibà bá jẹ́ àmì, ó di dandan kí wọ́n wá ohun tó ń ṣàmì fún. Ní 6 oṣù Kọkànlá 1880, Alphonse Laveran, dókítà ọmọ ogun Faransé ní Constantine ní Algeria, rí ohun alààyè tó ń rìn nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ogun kan. Ní 20 oṣù Kẹjọ 1897, Ronald Ross rí i nínú ikùn ẹ̀fọn ní Secunderabad ní Íńdíà.

Nígbà náà ni wọ́n tó wo àwọn ọmọ wa. Stephens àti Christophers, àwọn dókítà méjì tí Royal Society rán, dé Èkó ní nǹkan bí 1900, wọ́n gún àwọn ọmọdé níka, wọ́n sì bá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí fi ṣe. Wọ́n ní kí òyìnbó máa gbé jìnnà sí ilé àwọn dúdú, nítorí pé ara àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ẹ̀fọn ti ń gbé ibà wá fún wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ìmọ̀ tuntun yìí ka ọmọ Èkó sí nǹkan, ewu ló kà á sí fún ẹlòmíràn.

William MacGregor, Gómìnà Èkó láti 1899, tó jẹ́ dókítà fúnra rẹ̀, kò gbà. Ó ní irú ìpínyà bẹ́ẹ̀ kò ní bọ́ sí i láàrin òyìnbó àti àwọn ará ìlú. Ó ní kí wọ́n dí irà, kí wọ́n gbẹ́ ipa omi, kí kuníìnì dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Ní 1901, àwọn obìnrin Èkó, Ìyáàfin Charlotte Obasa nínú wọn, dá Lagos Ladies' League sílẹ̀. Ilé àwọn ìyá ọlọ́mọ ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n ń kọ́ wọn ní ìmọ́tótó, wọ́n sì ń pín kuníìnì fún wọn nítorí àwọn ọmọ. Títí di òní, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú àwọn tí ibà ń pa ní Nàìjíríà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀fọn fúnra rẹ̀ ni a ó gbé yẹ̀ wò, àti àwọn ibi tó ń yé sí ní àdúgbò wa tí kì í ṣe irà.